Ènìyàn Mẹ́ta ní Èbúté

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni èmi fẹ́ wò lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi wò ó.

Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ìwé kan wà tí ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti tì í síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí ó ń múra ìdánwò àṣejáde ni ó kọ ọ́ sí mi, tí ó fi ń tọrọ àyè ọjọ́ mẹ́jọ láti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá họ́kì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ìwé náà mọ́ tónítóní, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Mo fi tàdáwà pupa kọ "Rárá" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìdánwò kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti nítorí pé, kí n má purọ́, ní ojú mi nígbà náà, ọ̀pá họ́kì kò yàtọ̀ sí ọ̀pá tí àwọn ọmọdé fi ń já máńgòrò. Ọmọ náà kò jiyàn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

N kò tún ronú kan ìwé náà mọ́ títí di ọdún tí ó kọjá, nígbà tí wọ́n ní kí n bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ ìṣírí ní ọjọ́ eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ní kí n sọ ìtàn ẹgbẹ́ agbá-họ́kì ilẹ̀ Íńdíà fún wọn, nítorí mo ti gbọ́ pé ìtàn ìṣẹ́gun ni, ìtàn ìṣẹ́gun sì ni ó yẹ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. N kò tí ì kà á jìnnà tí mo fi bá ara mi pàdé nínú ìtàn náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe láàrin àwọn aṣẹ́gun.

Fún àwọn tí kò tí ì rí eré yìí rí, ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń kojú mọ́kànlá lórí pápá, bí ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọ̀pá tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ni olúkúlùkù ń mú lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù wọn kéré, ó sì le. Ojú kan tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lára ọ̀pá náà nìkan ni a gbọ́dọ̀ fi kan bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò sì lè gbá góòlù wọlé àfi bí ó bá gbá a láti inú ìlà kan tí ó tẹ̀ bí ààbọ̀ òṣùpá níwájú ilé. Nítorí náà ọgbọ́n ọwọ́ ṣe kókó nínú rẹ̀ ju agbára lọ.

Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé eré náà dé Íńdíà. Ní ìlú Calcutta ni ẹgbẹ́ họ́kì àkọ́kọ́ ti dìde ní 1885. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ọmọ onílẹ̀ gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó mú un wá, nítorí pé ilẹ̀ títẹ́ àti ọ̀pá ni ó ń fẹ́, kò sì sí ohun tí ó pọ̀ ní Íńdíà bí ilẹ̀ títẹ́ àti ọ̀pá. Wọ́n ń gbá a ní bárékè, wọ́n ń gbá a láàrin àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n sì ń gbá a ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ní 1925, wọ́n dá àjọ họ́kì Íńdíà sílẹ̀ ní ìlú Gwalior. Ní 1926, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ-ogun Íńdíà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Zealand. Nínú eré 21 tí wọ́n ṣe, wọ́n borí nínú 18, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, ẹyọ 1 péré ni wọ́n pàdánù.

Ọmọ-ogun kan wà láàrin wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dhyan Singh, tí wọ́n bí ní 1905. Ọmọ-ogun ni bàbá rẹ̀ pẹ̀lú, òun náà sì wọ iṣẹ́ ogun ní 1922 nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè ní ọ̀sán, kò sì sí iná ní pápá bárékè ní òru. Nítorí náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, a máa dúró de òṣùpá kí ó tó mú ọ̀pá rẹ̀. Òṣùpá ni "chand" ní èdè wọn. Báyìí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Dhyan Chand, orúkọ yìí ni gbogbo ayé sì fi mọ̀ ọ́n títí di òní.

Ṣùgbọ́n ẹnìkejì ni ó dá mi dúró. Jaipal Singh ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní 1903 ní abúlé Takra, ní agbègbè tí à ń pè ní Jharkhand lónìí. Munda ni ẹ̀yà rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà orí òkè àti inú igbó tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ náà láti ayébáyé, tí àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ sì ń fi ojú tín-ín-rín wò. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ St Paul's tí àwọn míṣọ́nnárì Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní Ranchi. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kíyè sí ọmọ yìí, ó rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1918. Nígbà tí yóò fi di 1922, ọmọ abúlé Takra ti wọ St John's College ní Oxford, kò sì pẹ́ tí ó fi ń gbá họ́kì fún yunifásítì náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín díẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni ọkùnrin yẹn, bí àwa. Ọmọ abúlé ni ó wà níwájú rẹ̀, bí àwọn tí ó wà níwájú wa. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa pé ẹnìkan ní láti wà níbẹ̀ tí yóò máa wò ó.

Jaipal Singh yege ìdánwò iṣẹ́ ìjọba àgbà ti Íńdíà. Ẹni tí ó bá rí iṣẹ́ yẹn gbà ní ayé ìgbà náà, oúnjẹ dé nìyẹn, ọlá dé nìyẹn, fún òun àti gbogbo ẹbí rẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Ó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1928 nígbà tí wọ́n pè é láti ṣe balógun ẹgbẹ́ tí Íńdíà yóò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ síbi ìdíje họ́kì nínú eré Òlíḿpíìkì, ní ìlú Amsterdam. Nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó sọ pé òun tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá, wọn kò sì fún òun. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n ní kí ó tún fi odindi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà. Ó kọ̀, ó sì fi iṣẹ́ ìjọba àgbà sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀ tán, mo pa ìwé náà dé. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Tàdáwà pupa náà kò tilẹ̀ tí ì ṣá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Íńdíà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Mẹ́ta ọdún 1928, àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ náà wọ ọkọ̀ Kaisar-i-Hind ní èbúté Bombay. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ti ń sin ènìyàn lọ sí ìrìn-àjò nílẹ̀ wa, tí ìyá yóò wá, tí ará àdúgbò yóò wá, tí wọn yóò máa ju ọwọ́ títí ojú kò fi ní í rí ọkọ̀ mọ́, ẹ gbọ́ èyí: ènìyàn mẹ́ta péré ni ó wá sin wọ́n. Ààrẹ àjọ họ́kì wá, igbákejì rẹ̀ wá, akọ̀ròyìn kan sì wá. Nínú gbogbo ilẹ̀ Íńdíà, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni ó rò pé ohun kan ń lọ tí ó tó kí a wá wò.

Ní Amsterdam, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù 6 wọlé Austria, 9 wọlé Belgium, 5 wọlé Denmark, 6 wọlé Switzerland. Kí ó tó di àṣekágbá, Jaipal Singh fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nítorí àìgbọ́ra-ẹni-yé tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, Broome Eric Pinniger sì gba ipò balógun. Àìsàn dá mélòó kan nínú wọn dúbúlẹ̀, ara Dhyan Chand pàápàá kò dá. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, wọ́n na àwọn onílé, ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ní 3 sí òdo. Góòlù 29 ni wọ́n gbá wọlé lápapọ̀, 14 nínú wọn jẹ́ ti Dhyan Chand, ẹnikẹ́ni kò sì gbá ẹyọ kan wọlé wọn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba wúrà ní 1908 àti 1920 kò fi ẹgbẹ́ kankan ránṣẹ́ sí Amsterdam. Nígbà tí ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ Íńdíà padà dé Bombay, èbúté tí ènìyàn mẹ́ta ti sin wọ́n kún fọ́fọ́ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn.

Láti ìgbà náà ni eré họ́kì ti di nǹkan ẹ̀yẹ fún ilẹ̀ tí kò tí ì ní òmìnira. Ní Los Angeles ní 1932, wọ́n na Jàpáànì ní 11 sí 1, wọ́n sì na Amẹ́ríkà ní 24 sí 1; Roop Singh, àbúrò Dhyan Chand, nìkan gbá 10 nínú 24 wọ̀nyí. Ní Berlin ní 1936, Dhyan Chand ni balógun. Jámánì ti kọ́kọ́ nà wọ́n ní 4 sí 1 nínú eré ìgbáradì, ọkàn wọn kò sì balẹ̀. Òjò sún àṣekágbá sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ. Kí wọ́n tó jáde sí pápá, igbákejì alábòójútó wọn, Pankaj Gupta, tú àsíá ẹgbẹ́ tí ń jà fún òmìnira sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń gbé níta. Àsíá ti ọkàn wọn ni wọ́n kí nínú yàrá. Góòlù 1 péré ni wọ́n fi ṣíwájú nígbà tí eré pín sí méjì. Lẹ́yìn ìsinmi, Dhyan Chand bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ koríko tútù náà, wọ́n sì na Jámánì ní 8 sí 1.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ. Nígbà tí ó pé ọdún mọ́kànlá géérégé, ní ọjọ́ yẹn gan-an ní 1947, Íńdíà gba òmìnira. Ṣùgbọ́n wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì ní àsìkò kan náà, Íńdíà àti Pakistan. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni ó ta sílẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó sì sá fi ilé bàbá wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ họ́kì náà kò yọ nínú rẹ̀. Ali Dara tí ó bá Dhyan Chand gbá a ní Berlin ni ó ṣe balógun Pakistan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948. Keshav Dutt tí ó jẹ́ ọmọ ìlú Lahore sá jáde níbẹ̀, ó sì gbá a fún Íńdíà. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1948, lórí pápá Wembley, Íńdíà kojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìdíje yìí. Balógun wọn ni Kishan Lal. Wọ́n na ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá wọn ní 4 sí òdo, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ń jẹ́ Balbir Singh gbá méjì nínú rẹ̀. Àsíá tí wọ́n ta sókè lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí a ń tú ní kọ̀rọ̀ mọ́.

Balbir Singh yìí kan náà gbá góòlù 5 wọlé Nẹ́dálándì ní Helsinki ní 1952, nínú eré tí ó parí sí 6 sí 1. Ní Melbourne ní 1956, òun ni balógun. Egungun ìka rẹ̀ ti dá, síbẹ̀ ó dúró lórí pápá títí wọ́n fi na Pakistan ní 1 sí òdo. Ìgbà kẹfà léraléra nìyẹn tí wúrà ń lọ sí Íńdíà.

Àwọn baba wa ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní Rome ní 1960, Pakistan nà wọ́n ní 1 sí òdo, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Íńdíà pàdánù eré họ́kì kan nínú Òlíḿpíìkì. Wọ́n gba wúrà padà ní Tokyo ní 1964. Ní 1975 wọ́n gba ife àgbáyé ní Kuala Lumpur, Ashok Kumar, ọmọ Dhyan Chand, ni ó sì gbá góòlù tí ó fi ìṣẹ́gun lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní Montreal ní 1976, wọ́n kó koríko tòótọ́ kúrò, wọ́n tẹ́ koríko àtọwọ́dá. Bọ́ọ̀lù ń sáré lórí rẹ̀ bí ìgbà tí a yí okúta lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ yíyára àti agbára wá ń borí ọgbọ́n ọwọ́. Owó ńlá sì ni irú pápá bẹ́ẹ̀ ń gbà, àwọn ọmọ Íńdíà tí ń kọ́ eré náà lórí erùpẹ̀ kò ní in. Ipò keje ni wọ́n bọ́ sí. Wọ́n gba wúrà ní Moscow ní 1980, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò wá. Lẹ́yìn ìyẹn, òkùnkùn ṣú. Ní 2008, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nà wọ́n ní 2 sí òdo ní Santiago ní ilẹ̀ Chile, wọn kò sì lè lọ sí Beijing rárá. Kò tí ì ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1928, ọgọ́rin ọdún gbáko. Ní 2012 wọ́n dé Lọ́ńdọ̀nù, ipò kejìlá, tí í ṣe ìkẹyìn, ni wọ́n wà.

Síbẹ̀, iná kò kú tán nínú eérú. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ní Tokyo, Jámánì ti fi 3 sí 1 ṣíwájú wọn, wọ́n sì dìde, wọ́n borí ní 5 sí 4. Sreejesh, aṣọ́lé wọn, ni ó dá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn padà nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bàbà ni wọ́n gbà, kì í ṣe wúrà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún 41 tí wọn kò gba ohunkóhun, ẹni tí ebi ti pa kì í bèèrè irú ọbẹ̀. Ní Paris ní 2024, wọ́n na Sípéènì ní 2 sí 1, wọ́n sì tún gba bàbà.

Ẹ lè bèèrè pé kí ni ó gbẹ̀yìn Jaipal Singh, ọmọ tí a kò fún láyè. Ìdáhùn náà súnmọ́ wa ju bí mo ti rò lọ. Ní 1934 ó wá sí Gold Coast, tí í ṣe ilẹ̀ Gánà lónìí, ó sì ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Achimota. Lẹ́yìn ìyẹn, ó padà sí ilé, ó di agbẹnusọ fún àwọn ẹ̀yà orí òkè, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ṣe òfin Íńdíà olómìnira, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ó kú ní 1970. Ní ilẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí àti ní Odisha tí ó bá a pààlà, àwọn ọmọ abúlé ṣì ń fi ọ̀pá oparun kọ́ họ́kì, ewúrẹ́ sì ni ẹ̀bùn tí ẹgbẹ́ tí ó bá borí ń fà lọ sílé. Ní 2023, nígbà tí ìdíje ife àgbáyé dé Rourkela ní Odisha, orúkọ Birsa Munda, akọni ẹ̀yà Munda tí ó kú sí ẹ̀wọ̀n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, ni wọ́n kọ sí iwájú pápá tuntun tí wọ́n kọ́ fún un.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán ní ọjọ́ eré ìdárayá wa, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí n kò sọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wá nọ́ńbà ọmọkùnrin mi àtijọ́ rí, mo sì pè é. Awọnlẹ̀ ni ó ń ṣe nísinsìnyí, ó sì ti ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ẹ má gbàgbé pé ó yege ìdánwò náà, ó yege dáradára. N kò lè sọ pé ohun tí mo ṣe jẹ́ ibi pátápátá. Mo sọ fún un pé mo wá tọrọ àforíjì nípa ìwé kan.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Háà, ọ̀gá mi! Ẹ má da ara yín láàmú, sà. Ta ni ó mọ̀ bóyá wọn ì bá tilẹ̀ fi mí sórí pápá? Ìdánwò tí ẹ ní kí n jókòó tì ni mo ń jẹ lónìí." Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, sà, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti bèèrè. Kì í ṣe 'rárá' náà ni ó dùn mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbá họ́kì lẹ́yìn ọ́fíìsì yín. Ẹ kò jáde wá wò mí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan."

N kò rí èsì fún un. Mo kàn ní, "Òótọ́ ni o sọ, ọmọ mi."

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò wá sọ pé kí a máa fi ọwọ́ sí gbogbo ìwé tí ọmọ bá kọ. Àyè mìíràn wà tí ó yẹ kí a dù wọ́n, ọmọ mìíràn sì wà tí eré yóò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní nǹkan kan dípò. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dájọ́ fún Jaipal Singh, àkókò iṣẹ́ ni wọ́n wò, wọn kò wo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n lọ sí èbúté Bombay kò gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé, wọn kò sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní Amsterdam. Wọ́n kàn lọ síbẹ̀, wọ́n sì dúró títí ọkọ̀ fi ṣí.

Ní ọjọ́bọ̀, ní aago mẹ́rin, àwọn ọmọ wa a máa gbá họ́kì ní ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pá wọn ti gbó, okùn sì ni wọ́n fi wé òmíràn. N kò tí ì mọ òfin eré náà tán. Mo ń gbé àga mi jáde, mo ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì ń wò wọ́n.